Kẹ̀kẹ́ Agòkè, Ẹrẹ̀ Pupa àti Mọ́gáàdì

Ẹni tó bá gba Dassa wọ Savalou ní ilẹ̀ Benin, tó sì ti Savalou kọjá sí Bantè lórí títì ọlọ́dà tó ń lọ sí Djougou, tó tún ń lọ títí dé Natitingou, lè jókòó sínú ọkọ̀ láti òwúrọ̀ di ìyálẹ̀ta kó má mọ ohun tí à ń pè ní ẹrẹ̀, nítorí pé ọ̀dà dúdú ti bo ojú ilẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi títì náà sílẹ̀, tó yà sí ọ̀tún tàbí sí òsì, bóyá Agoua ló ń lọ ní ẹ̀bá igbó ìjọba, tàbí ọ̀kan nínú àwọn abúlé tó kọjú sí ààlà Togo, tàbí oko àna rẹ̀ lásán lẹ́yìn òkè, kò ní í rìn jìnnà kí ilẹ̀ pupa tó wá pàdé rẹ̀, kó sì sọ irú ẹni tí òun jẹ́ fún un.

Ilẹ̀ àwọn Ìṣà, ọmọ Yorùbá, nìyí ní Bantè, tí àwọn Ifẹ̀ fara tì wọ́n ní ìhà Tchetti, tí àwọn Máhì sì tẹ̀dó sí Savalou. Gbogbo wọn ló wà ní ẹkùn Collines, tí wọ́n fi òkè sọ lórúkọ ní èdè Faransé, èyí tí ìjọba Benin dá sílẹ̀ ní 1999 nígbà tí wọ́n pín ẹkùn mẹ́fà àtijọ́ sí méjìlá. Òjò ibẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù Ẹrẹ́nà àti Igbe, kì í sì í palẹ̀ mọ́ tán títí di oṣù Ọ̀wàrà. Bí a bá kó omi ọdún kan jọ, ó ń lọ sí nǹkan bí 1,100 mìlímítà, ìyẹn ni pé bí omi náà kò bá rí ibi ṣàn sí, yóò mu ọmọ ọdún márùn-ún dé àtàrí. Ní gbogbo ìgbà òjò yìí ni àwọn ènìyàn ń ti oko, ti ọjà àti ti ilé ìwé bọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ onítáyà fífẹ̀ tó ní ẹ̀gún rọ́bà lára, kẹ̀kẹ́ agòkè, tí àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè ní VTT, tí ìlà ẹrẹ̀ pupa kan yóò sì ti fà gbọọrọ láti ìdí ṣòkòtò wọn dé agbede méjì èjìká. Ẹni tó bá rí wọn kò ní í ṣàì bi ara rẹ̀ léèrè bóyá kò yẹ kí irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ ní mọ́gáàdì, èyíinì ni irin tàbí ike títẹ̀ tí a fi ń bo orí táyà kí omi àti ẹrẹ̀ má baà ta síni lára, tàbí bóyá ìnáwó asán ni, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ń wí. Èmi wà lẹ́yìn àwọn tó ní ó yẹ, ṣùgbọ́n irú èyí tó yẹ àti ibi tó yẹ kó wà kì í ṣe ohun tí a lè fi ẹnu lásán sọ kí á tó wo ìdí ọ̀rọ̀.

Àwọn bàbá wa kò ní irú àríyànjiyàn yìí, nítorí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n gùn ti wọ aṣọ rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ wá. Raleigh ọmọ Nottingham, ẹṣin irin tí kì í jẹ koríko, agbé-olùkọ́-lọ-síléèwé, agbé-oníwàásù-dé-oko, arìn-gbẹrẹ-má-tàsé-ilé: ilé iṣẹ́ tó ń rọ ọ́ ti wà láti àwọn ọdún 1880, bí ó sì ti ń bọ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mọ́gáàdì onírin dúdú méjì ti ń bọ̀ lórí táyà rẹ̀, wọ́n fara mọ́ táyà pẹ́kípẹ́kí, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ sì dì wọ́n mú mọ́ ibi tí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ti ń yí. Ṣéènì rẹ̀ pàápàá ní ilé tirẹ̀ tí a fi irin kọ́. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ yìí ga tó ínṣì 28, táyà rẹ̀ kò sì fẹ̀ ju ínṣì kan àbọ̀ lọ, ìdí sì nìyẹn tí mọ́gáàdì tóóró fi tó o. Àwọn tó ṣe é mọ ohun tí wọ́n ń ṣe: ìlú òjò wínníwínní ni wọ́n ń gbé, ẹni tí wọ́n sì ní lọ́kàn ni akọ̀wé tàbí òṣìṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ fi aṣọ mímọ́ dé ibi iṣẹ́. Ní ìhà tí Faransé ń ṣàkóso, Peugeot náà kó tirẹ̀ wá, ó sì bo táyà rẹ̀ bákan náà.

Ìtàn kẹ̀kẹ́ agòkè yàtọ̀ pátápátá sí èyí, bí a kò bá sì mọ̀ ọ́n, a kò ní í mọ ìdí tí kẹ̀kẹ́ náà fi ń rìn ní ìhòòhò. Òkè kan wà ní ìpínlẹ̀ California ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Tamalpais lorúkọ rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn ọ̀dọ́ kan níbẹ̀ ń wá ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ onítáyà fífẹ̀ tí wọ́n ti rọ láti ìgbà tí a kò tíì bí púpọ̀ nínú wọn, wọ́n ń tú mọ́gáàdì rẹ̀ dànù, wọ́n ń tú ohun tó bo ṣéènì rẹ̀ dànù, wọ́n ń tú ohunkóhun tó bá lè dún tàbí tó bá lè wúwo dànù, wọ́n sì ń fi ìyókù sáré láti orí òkè wá sí ìsàlẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù Ọ̀wàrà 1976 ni wọ́n kọ́kọ́ fi ojú agogo díje lórí ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Repack, níbi tí bíréèkì ti máa ń gbóná débi pé gíríìsì inú rẹ̀ á jóná, tí wọ́n sì gbọ́dọ̀ rọ òmíràn sí i kí wọ́n tó tún sáré. Nígbà tó di 1977, Joe Breeze bẹ̀rẹ̀ sí í rọ egungun kẹ̀kẹ́ tuntun fún iṣẹ́ yìí gan-an. Ní 1979, Gary Fisher àti Charlie Kelly dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ láti máa tà á. Ní 1981, ilé iṣẹ́ Specialized gbé Stumpjumper jáde fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nígbà tó sì di 1996 ní Atlanta, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n bí sórí òkè gbígbẹ ti wọ ìdíje Òlíńpíìkì.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí. Àwọn tó kọ́kọ́ tú mọ́gáàdì dànù kò ru ẹrù, wọn kò wọ aṣọ ilé ìwé, ilẹ̀ tí wọ́n sì ń sáré lé lórí máa ń gbẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ohun tó jẹ́ ọgbọ́n fún wọn di àṣà fún àwọn tó tẹ̀lé wọn, àṣà náà di oge, oge náà sì wọ ọkọ̀ ojú omi dé èbúté Cotonou, yálà lára kẹ̀kẹ́ tuntun láti Ṣáínà tàbí lára àlòkù láti ilẹ̀ Yúróòpù, títí tó fi dé ọwọ́ ọmọ Gouka àti ọmọ Pira ní ìhà Bantè tí kò ní òkè Tamalpais kankan láti sáré sọ̀kalẹ̀, àfi àpò gbágùúdá láti gbé dé ilé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìlú tí a bá dé là ń dá aṣọ rẹ̀, kì í ṣe aṣọ ìlú tí ọjà ti wá.

Bí táyà ṣe ń ta ẹrẹ̀ kò ṣòro láti yé ènìyàn. Táyà tó ń yí nínú omi kì í gbé omi náà yí po pẹ́. Ó ń jù ú sílẹ̀, omi náà a sì gba ọ̀kánkán ibi tí ojú táyà kọjú sí ní àkókò tó já. Ẹ̀yìn táyà ẹ̀yìn ń gòkè bí ó ti ń yí, nítorí náà ẹrẹ̀ tó bá já níbẹ̀ yóò gòkè, yóò sì bá ìdí àti ẹ̀yìn ẹni tó wà lórí ìjókòó. Ti táyà iwájú burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orí táyà máa ń lọ síwájú ní ìlọ́po méjì eré tí kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ ń sá, nítorí náà ẹ̀kán omi tó bá já níbẹ̀ yóò ṣáájú ẹlẹ́kẹ̀ẹ́, afẹ́fẹ́ yóò dá a dúró, ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ yóò sì wá bá a níwájú. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù, ni àwọn àgbà wí; ẹni tó bá fi kẹ̀kẹ́ aláìníbòrí da omi síwájú, ojú ni yóò fi gbà á. Èyí tó kù, tó já lẹ́yìn táyà iwájú ní ìsàlẹ̀, a ta lọ sára ẹsẹ̀, sára pẹ́dà, sára ṣéènì àti sínú ibi tí ọ̀pá pẹ́dà ti ń yí.

Ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò láìsí ẹni tó rí i. Irin inú ilẹ̀ ẹkùn yìí ló sọ ọ́ di pupa, yangí wẹ́wẹ́ sì kún inú rẹ̀. Yangí tí àwọn baba wa gbé kalẹ̀ lójúbọ Èṣù, tí òjò àti oòrùn ọ̀pọ̀ ọdún kò sì mú un yọ́, kì í ṣe ohun tí ṣéènì lè jẹ kó dà. Bí ó bá pàdé òróró tí a fi pa ṣéènì, àwọn méjèèjì a di ọlọ, wọn a sì máa lọ irin mọ́ irin ní gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá tẹ pẹ́dà. Àwọn ènìyàn a máa bú ṣéènì Ṣáínà pé kò lágbára, kò sì sí irọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ṣéènì ibikíbi tí a bá ń fi yangí bọ́ láti oṣù Igbe dé Ọ̀wàrà yóò fà, yóò sì máa fò kúrò lórí eyín rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wá sọ̀rọ̀ àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ náà. Ilé ìwé ń wọlé nínú oṣù Ọwẹwẹ nígbà tí òjò ṣì wà ní agbára rẹ̀, aṣọ kakí ni àwọn ọmọ ilé ìwé ìjọba sì ń wọ̀. Ọmọ tó ní ẹyọ kan tàbí méjì, tó ń ti abúlé wá sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, yóò jókòó sí kíláàsì pẹ̀lú ìdí ṣòkòtò tútù, ìyá rẹ̀ yóò sì fọ kakí náà lálẹ́, òun náà á sì tún wọ̀ ọ́ lówùúrọ̀ bóyá ó gbẹ tàbí kò gbẹ. Àgbẹ̀ ń kó kajú, èyí tí ìkórè rẹ̀ máa ń ti oṣù Èrèlé wọ oṣù Èbìbí, tí ìgbẹ̀yìn rẹ̀ sì máa ń bọ́ sínú òjò àkọ́rọ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e. Kajú tó bá tutù nínú àpò a bu, owó rẹ̀ a sì já wálẹ̀ lójú ẹni tó ń rà á, bẹ́ẹ̀ ìsàlẹ̀ àpò tó wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ni táyà ẹ̀yìn ń ta omi sí jù lọ. Gaàrí Savalou, èyí tó kúnná, tó gbẹ, tó ń ró pàkàpàkà lẹ́nu, tí wọ́n mọ̀ dé Cotonou, kò ní nǹkan kan láti bá omi pupa ṣe.

A kò sì gbọdọ̀ gbàgbé ọdún iṣu. Ní ọjọ́ 15 oṣù Ògún lọ́dọọdún ni Savalou ń ṣe ọdún iṣu tuntun, tí laboko, ọba nínú iṣu, aládùn-má-nílò-ọbẹ̀, ń jáde sí gbangba, tí àwọn ọmọ ìlú ń ti Cotonou àti ẹ̀yìn odi bọ̀ pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n ti fi pamọ́ de ọjọ́ náà. Oṣù òjò ni. Òjò kò bá ẹnì kan ṣọ̀tá, ẹni eji rí ni eji ń pa, ṣùgbọ́n ti òjò ṣì sàn, nítorí omi mímọ́ ni ti òkè. Ti ìsàlẹ̀ ni aṣọ funfun kò lè gbàgbé. Ẹlẹ́dẹ̀ tó ti yí ẹrẹ̀, ẹni rere ló ń wá tí yóò fi ara yí, bẹ́ẹ̀ náà sì ni kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́rẹ̀ tí wọ́n bá tì sí ẹnu ọ̀nà ní ọjọ́ ọdún.

Àwọn tó kórìíra mọ́gáàdì kò ṣàì ní ẹjọ́ tí a lè gbọ́, mo sì rò pé ẹjọ́ wọn lágbára jù ní ibi tí àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ kì í fẹ́ dé: inú akùrọ̀. Bí ènìyàn bá ti orí ilẹ̀ òkúta wẹ́wẹ́ sọ̀kalẹ̀ sí àfonífojì níbi tí wọ́n ń gbin ìrẹsì, ilẹ̀ a yí padà. Kì í tún ṣe iyanrìn àti yangí mọ́, amọ̀ ni, amọ̀ yìí a sì lẹ̀ mọ́ àárín ẹ̀gún rọ́bà táyà, a gbé ara rẹ̀ wọ abẹ́ mọ́gáàdì, a sì ki ibẹ̀ pa títí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ yóò fi kọ̀ láti yí. Mo ti rí ọkùnrin alágbára tó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lé èjìká, tó ń fi igi họ abẹ́ mọ́gáàdì rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá sọ ọ́ kalẹ̀, tó sì ń ṣépè fún ẹni tó tà á fún un. Igi kékeré pàápàá jẹ́ ewu: bí ẹ̀ka bá há sáàárín táyà iwájú àti ìbòrí rẹ̀, táyà lè dá gbọ̀n-ọ́n lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ sì gba orí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ fò kọjá. Mọ́gáàdì tí nọ́ọ̀tì rẹ̀ bá sì ti tú nítorí ọ̀nà gbágungbàgun yóò máa ha táyà, bí ó bá jẹ́ onírin tó ti dípẹtà, etí rẹ̀ a máa la ẹsẹ̀ ọmọdé.

Gbogbo èyí ń tọ́ka sí ohun kan ṣoṣo, èyíinì ni àlàfo. Mọ́gáàdì Raleigh ń fara mọ́ táyà nítorí pé táyà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ sì dán. Ẹni tó bá lọ ra irú rẹ̀ ní ọjà àlòkù, tó fẹ́ fi tipátipá dè é mọ́ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ínṣì 26 tí táyà rẹ̀ fẹ̀ tó ínṣì méjì, ń wá ẹjọ́. Kẹ̀kẹ́ agòkè mìíràn kò tilẹ̀ ní ihò tí a lè ki bóòtù bọ̀ fún mọ́gáàdì, pàápàá jù lọ èyí tó ní fọ́ọ̀kì onísípíríǹgì níwájú. Ohun tó yẹ ẹ ni ìbòrí tó jìnnà sí táyà tó ìka mẹ́ta, tó fẹ̀ ju táyà lọ díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tó sì jẹ́ ike tí yóò tẹ̀ tàbí tí yóò já bí igi bá há sí i, dípò irin tí yóò di táyà mú. Àwọn kan wà tí a ń so mọ́ òpó ìjókòó, tí wọ́n nà sẹ́yìn láìfara kan táyà rárá. Wọ́n dára fún ẹni tí kì í ru ẹrù, nítorí pé àpò kò lè jókòó síbi tí wọ́n wà.

Ẹni tí kò bá fẹ́ náwó kò ní láti náwó. Lábẹ́ igi máńgòrò kan ní Bantè, mo wo atúnkẹ̀kẹ́ṣe kan bí ó ti mú kẹ́ẹ̀gì òróró aláwọ̀ ìyeyè tó ti lu, tó fi ọ̀bẹ tó ti gbóná nínú iná la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gígùn, tó lo igun kẹ́ẹ̀gì náà gan-an kí ike náà lè ní ìtẹ̀ láti ilé wá, tó fi ìṣó gbígbóná lu ihò mẹ́rin sí i, tó sì fi wáyà dè é mọ́ egungun kẹ̀kẹ́, ó di ti ìsàlẹ̀ le, ó sì fi ti òkè sílẹ̀ kó lè mì. Ọmọ ilé ìwé tó ni kẹ̀kẹ́ náà dúró tì í, inú rẹ̀ kò dùn.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó gùn o. Wọn á ní kẹ̀kẹ́ bàbá àgbà ni mo ń gùn.”

“Ta ní ń fọ kakí rẹ?”

“Ìyá mi ni, bàbá.”

“Ó dáa. Tó bá di ọjọ́ tí ìwọ fúnra rẹ bá ń fọ̀ ọ́, wá, màá gé e kúrú.”

Ní ti ẹ̀ẹ̀rùn, n kò ní sọ púpọ̀. Eruku pupa tó ń bo ojú àti ìpéǹpéjú láti oṣù Bélú títí ọyẹ́ yóò fi kásẹ̀ nílẹ̀ kì í ti ara táyà kẹ̀kẹ́ ẹni wá, ti àwọn ọkọ̀ akẹ́rù àti ti àwọn ọlọ́kadà, àwọn zémíjàn tó ń sáré kọjá ni. Mọ́gáàdì kò lè gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn kan a máa tú u ní àkókò yìí, wọn a tún máa dè é padà nígbà òjò. Ọgbọ́n ni fún ẹni tó ní mọ́gáàdì tó ń yára tú. Fún àwa ìyókù, bóòtù tí a bá ń tú tí a tún ń dè kì í pẹ́ kí ojú rẹ̀ tó jẹ, nítorí náà kó máa wà níbẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹyọ kan ṣoṣo ni apá ènìyàn ká, ti ẹ̀yìn ni gbogbo ènìyàn ń kọ́kọ́ fi sí, nítorí pé ẹrẹ̀ ẹ̀yìn aṣọ ni aráyé ń rí. Èmi yóò kọ́kọ́ fi ti iwájú sí. Pákó pẹlẹbẹ kan tí a bá dè mọ́ orí irin ìkẹ́rù lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mọ́gáàdì ẹ̀yìn, àpò á sì tún jókòó dáadáa lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ohun mìíràn tó ń dúró fún ti iwájú, òun ló sì ń gba ojú, ẹsẹ̀, ṣéènì àti àwọn bọ́ọ̀lù irin inú ọ̀pá pẹ́dà sílẹ̀. Kí ike kan bo orí táyà, kí òmíràn gba abẹ́ egungun kẹ̀kẹ́ tó dagun láti ọrùn wá sí ìdí pẹ́dà, kí á sì so awẹ́ túùbù àtijọ́ kan mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó máa fì. Bí awẹ́ náà bá parí sí òkè ọ̀pá pẹ́dà, ẹsẹ̀ yóò ṣì máa tutù; bí ó bá sì sún mọ́ ilẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ, gbòǹgbò àti òkúta ojú ọ̀nà Agoua yóò fà á já kí oṣù kan tó pé.